Málọmọ́ Wà Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Ọjọ́ kẹta tí ọmọ ológbò náà dé ilé wa ni mo tó tún rí i dáadáa. Títí di ọjọ́ náà, ìró lásán la mọ̀ ọ́n sí: èékánná tó ń ha páálí lóru, ahọ́n tó ń lá omi pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ nínú abọ́, igbe tín-ín-rín kan tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago méjì òru, tí yóò sì dákẹ́ lójijì bí ẹni pé wọ́n fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà, ní kọ̀rọ̀ ibi tí ògiri méjì ti pàdé, lẹ́yìn àpótí tí mo kó aṣọ òkè ìyá mi sí. Àwọn ọmọ mi á dojú bolẹ̀ gbalaja, wọ́n á tan iná fóònù sábẹ́ ibẹ̀, ojú méjì á tàn yòò nínú òkùnkùn, wọ́n á sì pariwo. Mo gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tanná sí i lójú mọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ nawọ́ fà á jáde, kí gbogbo wa máa ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ pé àlejò wà nílé.

Ó nira fún wọn. Ó nira fún èmi náà, ṣùgbọ́n mo ti fojú ara mi rí ohun tí ìkánjú ń dá sílẹ̀.

Ọdún méjì ṣáájú ìgbà yẹn ni eku gba ilé mọ́ wa lọ́wọ́. Wọ́n lu àpò gààrí, wọ́n gé wáyà fíríìjì, wọ́n bímọ sínú dúrọ́ọ̀ aṣọ ìbejì mi. Ìbàdàn la ń gbé, ṣùgbọ́n mo ní ẹbí ní Ọ̀wọ̀, ọ̀rọ̀ eku kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹni tó bá mọ ohun tí ibà Lassa ti fojú ìpínlẹ̀ Oǹdó rí. Lọ́dún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá àìsàn náà mọ̀, wọ́n fi orúkọ ìlú Lassa ní Borno pè é, eku kan tó máa ń wọlé wá jẹ oúnjẹ ènìyàn ló sì ń gbé e kiri. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ ní kí n wá ológbò. Wọ́n tún fún mi ní ìmọ̀ràn mẹ́ta lé e lórí. Wọ́n ní kí n gbé e sínú àpò kí n di ẹnu rẹ̀, kó má baà mọ ọ̀nà tí yóò gbà padà sílé. Wọ́n ní kí n so ó lókùn mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì fún ọ̀sẹ̀ kan kí ilé lè mọ́ ọn lára. Wọ́n ní kí n má fún un lóúnjẹ, torí ológbò tó bá yó kì í pa eku.

Mo ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí mo tú àpò náà ní pálọ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọmọ tiwa àti tará ilé ti yí mi ká, ó tó mẹ́jọ, tẹlifíṣọ̀n ń ké, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn fèrèsé. Ọmọ ológbò náà ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó sáré kọlu ògiri, ó sáré kọlu àga, ó tọ̀ sára. Mo mú un, mo fi okùn sí i lọ́rùn, mo so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì kíṣìnnì, mo pa iná, mo lọ sùn. Igbe rẹ̀ ò jẹ́ kí n sùn, mo sì ń sọ lọ́kàn mi pé yóò dákẹ́ tó bá yá. Ó dákẹ́ lóòótọ́. Láàárọ̀, okùn nìkan ló wà nílẹ̀, ojú ìdè rẹ̀ wà ní kíkó síbẹ̀ bí òrùka. Gíláàsì kan ti fọ́ lójú fèrèsé kíṣìnnì láti bí oṣù mélòó kan, ibẹ̀ ló gbà jáde.

Ọjọ́ kẹta la rí i nínú gọ́tà ẹ̀yìnkùlé. Ó ti gan, ìfófó ti gbẹ sí i lẹ́nu. Aládùúgbò wa kan ti da ọ̀tápiàpiá sí orí ẹja gbígbẹ torí eku tirẹ̀ náà, ebi sì ti ń pa ọmọ ológbò yìí láti ilé mi. Aládùúgbò náà ò jẹ̀bi. Èmi ni mo mọ ohun tí mo ṣe.

Kẹ́hìndé sunkún ọjọ́ náà títí ibà fi dá a dúbúlẹ̀. Nígbà tí mo wá sọ fún wọn lẹ́yìn ọdún méjì pé a fẹ́ gba òmíràn, òun ló ní kí a sọ ọ́ ní Málọmọ́. Ẹnu ìyá ọkọ mi ló ti gbọ́ orúkọ náà rí, nínú ìtàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nítorí àbíkú. Mi ò rí ohun tí mo lè fi kọ orúkọ náà.

Lọ́tẹ̀ yìí mo bi àwọn tó mọ̀ ọ́n léèrè, mo kàwé, mo sì fara balẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ni pé sísá tí ọmọ ológbò ń sá pamọ́ kì í ṣe ìwà burúkú, kì í ṣe àìmoore, kì í sì í ṣe àmì pé kò ní bá wa gbé. Ológbò inú ilé àti ológbò inú igbó kan tó kéré, tó ń dá rìn, ìyá kan náà ló bí wọn. Lọ́dún 2004, àwọn awalẹ̀pìtàn láti ilẹ̀ Faransé jábọ̀ nínú ìwé ìròyìn Science pé àwọn bá egungun ológbò kan tí wọ́n sin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ènìyàn ní erékùṣù Cyprus, ìsìnkú náà sì ti tó nǹkan bí 9,500 ọdún. Ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọkà sínú àká, eku tẹ̀lé ọkà, ológbò tẹ̀lé eku. Bí wọ́n ṣe bá wa dé ilé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ara wọn ò gbàgbé igbó. Ológbò jẹ́ ọdẹ fún eku, ó sì jẹ́ ẹran fún ejò ńlá, fún ẹyẹ àṣá, fún ajá. Ọmọ rẹ̀ tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń wọ ihò nígbà tí ìyá rẹ̀ ò sí nítòsí kì í dàgbà. Nítorí náà, bí ẹ bá gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àti àwọn àbúrò rẹ̀, tí ẹ gbé e sáàárín yàrá ńlá kan tí kò mọ òórùn rẹ̀, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ọgbọ́n tí Ọlọ́run fún un yóò darí rẹ̀ sí. Etí rẹ̀ pàápàá ju tiwa lọ púpọ̀, ìró tó ga ju èyí tó ga jù tí etí ènìyàn lè gbọ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta ṣì ń dé etí ológbò. Ẹ wá ro ohun tí jẹnẹrétọ̀ àti ọmọ mẹ́jọ tó ń pariwo jẹ́ fún un.

Ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta ẹja tútù ní Bódìjà ni mo ti rí Málọmọ́. Ológbò rẹ̀ bí mẹ́rin sílé, ó sì ti ṣèlérí ọ̀kan fún mi. Ọmọ náà ò tíì ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ tó fi ránṣẹ́ pè mí.

“Ìyá Ìbejì, ẹ wá gbé ẹrù yín o. Ó ti ń jẹ ẹja.”

Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ná.”

“Títí di ìgbà wo?”

“Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, Màmá.”

Ó pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ gbọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá ra ẹja! Ìyá Ìbejì ń fẹ́ ìyàwó!”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà tó ohun tí à ń dúró dè. Ọmọ ológbò tí wọ́n bá bí, ojú rẹ̀ kì í là kó tó tó ọjọ́ méje sí mẹ́rìnlá. Ó lè máa jẹ ẹja ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún lóòótọ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ nìkan kọ́ ni ìyá ń fún ọmọ. Ẹnu ara wọn ni àwọn ọmọ náà fi ń kọ́ bí eyín ṣe ń dunni: èyí tó bá gé àbúrò rẹ̀ jẹ jù, àbúrò á ké, eré á tú ká. Èyí tí wọ́n bá já kúrò níbẹ̀ láìtọ́jọ́, ọwọ́ ọmọ yín ni yóò ti kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Ó kéré tán, kó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, bó bá sì lè pé méjìlá, ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun kejì ni pé láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkeje ni ọmọ ológbò ń mọ̀ bóyá ọ̀rẹ́ ni ènìyàn tàbí ọ̀tá. Eileen Karsh ti Yunifásítì Temple ní Philadelphia fi ọdún púpọ̀ wádìí èyí ní àwọn ọdún 1980, ó sì rí i pé àwọn tí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń gbé pẹ́ lójúmọ́, ni ara wọn máa ń yá mọ́ ènìyàn jù. Nílé ìyá ẹlẹ́ja, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ kì í gbé àwọn ọmọ ológbò wọ̀nyí sílẹ̀ láti ìgbà tí ojú wọn ti là. Ìdajì iṣẹ́ mi ni wọ́n ti bá mi ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọmọ ológbò, kó tó wo àwọ̀ rẹ̀ tàbí ìrù rẹ̀, kó kọ́kọ́ béèrè ọwọ́ tó tọ́ ọ.

Mo ti tún yàrá ẹ̀yìn ṣe kí ọjọ́ tó pé. Yàrá kékeré ni, ibẹ̀ là ń kó ẹrù sí, ohun tí mo sì fẹ́ gan-an nìyẹn. Ilé gbogbo pọ̀ jù fún ọmọ ológbò tuntun, yàrá kan péré ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un. Mo ní kí onígíláàsì pààrọ̀ gíláàsì tó fọ́ ní kíṣìnnì, mo kan nẹ́ẹ̀tì mọ́ gbogbo fèrèsé. Mo kó òwú àti abẹ́rẹ́ ìránṣọ kúrò nílẹ̀, torí ológbò fẹ́ràn okùn, òwú tó bá sì gbé mì lè ya ìfun rẹ̀. Mo da gbogbo ọ̀tápiàpiá tó wà nílé nù. Lọ́dún 2019 ni àjọ NAFDAC ti fòfin de títa ìgò kéékèèké dichlorvos inú rẹ̀ ní ọjà gbangba, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò tíì tán nígboro. Mo wá lọ bá aládùúgbò wa lẹ́yìn ògiri, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé bí eku bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, kó jẹ́ kí a jùmọ̀ ra páńpẹ́. Ó gbà. Nínú gbogbo ìmúrasílẹ̀ tí mo ṣe, ìkúnlẹ̀ yẹn ni mo kà sí pàtàkì jù.

Ilé ìgbẹ́ rẹ̀ rọrùn. Kẹ́ẹ̀gì òróró lita 25 tó ti gbó ni mo là nídùúró, mo jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ lọ sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ kúkúrú lè gbà á wọlé, mo rọ yanrìn gbígbẹ sínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n sì ń bò ó, kí ẹ ṣáà gbé e síbẹ̀ lẹ́yìn tó bá jẹun tán, yóò mọ ohun tó kàn. Ẹ gbé e jìnnà sí abọ́ oúnjẹ. Ológbò ò ní jẹun létí ilé ìgbẹ́, ènìyàn náà ò sì ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa kó o, pàápàá bí aboyún bá wà nílé. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní toxoplasma tó lè wà nínú ìgbẹ́ ológbò, tó sì lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Kì í ran ènìyàn kí ìgbẹ́ náà tó pé ọjọ́ kan ó kéré tán, nítorí náà ẹni tó ń kó o lójoojúmọ́ ti borí rẹ̀. Kí aboyún fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Mo gbé páálí Indomie kan sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo yí i dùbúlẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ kọ sí igun, kí ó lè wà nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Mo tún ti bẹ ìyá ẹlẹ́ja pé kó ya díẹ̀ fún mi nínú àǹkárá àtijọ́ tí ìyá wọn ń sùn lé. Ó wò mí bí ẹni pé nǹkan ń ṣe mí, ṣùgbọ́n ó ya á. Mi ò fọ̀ ọ́. Òórùn ni gbogbo ayé ológbò, òórùn ìyá àti àbúrò sì ni ohun kan ṣoṣo tí ọmọ náà lè bá nílé tuntun tí kì í ṣe àjèjì. Inú apẹ̀rẹ̀ tó ní ìdérí ni mo fi aṣọ náà tẹ́, inú apẹ̀rẹ̀ náà la sì gbé e sí nínú Mícrà láti Bódìjà. Mi ò lo àpò mọ́ láé.

Dúdú ni, ó dúdú bí kóró iṣin, àfi àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Mo gbé e lé òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn fúláwà kéèkì, ó jẹ́ gíráàmù 850. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrá, mo jáde, mo ti ilẹ̀kùn.

Páálí tí mo ṣètò fún un, kò wò ó. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló lọ.

Alẹ́ àkọ́kọ́ ni èmi fúnra mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ ara mi jẹ́. Igbe rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti èyí àkọ́kọ́, mo sì ń rò pé kí n lọ fà á jáde, kí n gbé e mọ́ra. Dípò ìyẹn, mo rọ omi gbígbóná sínú ìgò, mo fi tówẹ̀lì wé e, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ìyókù àǹkárá náà, torí ọyẹ́ ti dé, ọmọ tó sì ti ń sùn láàárín ara mẹ́rin rí, òtútù á mú un bó bá dá sùn. Mo jókòó sílẹ̀, mo fẹ̀yìn ti bẹ́ẹ̀dì, mo ń ka ìwé sókè jẹ́jẹ́. Kò sí ohun tí mo kà tó ṣe pàtàkì. Mo fẹ́ kí ohùn mi mọ́ ọn lára ni. Nígbà tó yá, igbe náà dín kù. Láàárọ̀, ẹja tí mo fi sílẹ̀ ti tán, abọ́ mọ́ féfé. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ẹ̀rù lásán ló ń bà á. Ọmọ ológbò tí kò bá fẹnu kan nǹkan fún odidi ọjọ́ kan, tàbí tó ń ṣu omi, tàbí tí ipin dí i lójú, kì í ṣe ẹni à ń dúró dè, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.

Ọjọ́ kejì, mo lọ jókòó níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, bí ìṣẹ́jú ogún lẹ́ẹ̀kan. Mi ò wò ó. Kò yẹ kí èyí ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti lóye: a kì í wo àgbà lójú kòrókòró. Lójú ológbò, ẹni tó bá tẹjú mọ́ ọn ń pè é níjà ni. Lọ́dún 2020, àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Sussex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Tasmin Humphrey àti Karen McComb wà lára wọn, gbé iṣẹ́ kan jáde tó fi hàn pé bí ènìyàn bá ń rọra dijú tó sì ń rọra là á fún ológbò, ológbò á máa dá a lóhùn bẹ́ẹ̀, á sì yá a lára láti sún mọ́ ẹni náà.

Mo dán an wò lọ́jọ́ kẹta. Iná ti lọ, mo tan àbẹ́là kan sórí fèrèsé, mo dùbúlẹ̀ lórí ẹní. Mo yí ojú sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo dijú díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn, mo là á, mo tún dì í. Lẹ́ẹ̀kẹrin, iná àwọ̀ ewé méjì tó wà nínú òkùnkùn yẹn kéré sí i, kéré sí i, ó kú tán, ó tún tàn. Àyà mi ń lù kìkì. Mo na ìka kan ṣáájú, mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí símẹ́ńtì. Ó pẹ́. Ó pẹ́ débi pé apá mi kú. Nígbà náà ni nǹkan tútù kan fara kan orí ìka náà. Imú rẹ̀ ni. Ó gbóòórùn mi láti orí ìka dé ọrùn ọwọ́, irun imú rẹ̀ ń rìn mí lára, lẹ́yìn náà ló yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó fi nù mí. Ibẹ̀ ni òróró tí ológbò fi ń sàmì sí ohun tó jẹ́ tirẹ̀ wà. Mi ò mira. Omi ti dé ojú mi.

Láti ọjọ́ náà, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń wọlé, kì í ṣe ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo kọ́ àwọn ọmọ pé wọn ò gbọdọ̀ gbé e bí ẹni gbé adìẹ: ọwọ́ kan lábẹ́ àyà, ọwọ́ kejì lábẹ́ ìdí, kí a sì sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Irun imú rẹ̀ ò ṣe é gé, òun ló fi ń mọ bí ihò ṣe fẹ̀ tó. Fún eré, mo so ìyẹ́ adìẹ mọ́ ọ̀pá gígùn, kí ó máa lé ìyẹ́, kó má baà ka ọwọ́ ènìyàn sí ohun ọdẹ. Táyé jókòó jù, ó ní sùúrù, òun ni ológbò kọ́kọ́ gun orí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko kó tó mọ́ Ìdòwú, torí Ìdòwú kì í rìn, eré ló ń sá. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì wọlé, a ṣí ilẹ̀kùn yàrá náà sí kọ́rídọ̀, lẹ́yìn náà sí pálọ̀, ṣùgbọ́n a ò ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ ọn lẹ́yìn, kó lè sá padà síbẹ̀ nígbàkigbà.

Lórí oúnjẹ, ó yẹ kí n là á mọ́lẹ̀, torí ibẹ̀ la ti ń ṣi ọ̀nà jù nílẹ̀ wa. Ológbò kì í ṣe ajá. Ara rẹ̀ kò lè ṣẹ̀dá èròjà kan tí wọ́n ń pè ní taurine tó, inú ẹran àti ẹja nìkan ló ti ń rí i, èyí tí kò bá sì rí i, ojú rẹ̀ ń fọ́, ọkàn rẹ̀ ń rẹ̀. Ẹ̀bà àti ìyókù ọbẹ̀ ò lè gbé e ró. Ata inú ọbẹ̀ ń ta á, àlùbọ́sà inú rẹ̀ ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ṣàwà tàbí títù tí a bọ̀ láìfi nǹkan kan sí, tí a sì yọ egungun rẹ̀, ọkàn adìẹ, ẹ̀dọ̀ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àti oúnjẹ ológbò alágolo bí agbára bá gbé e, ohun tí mo fún Málọmọ́ nìyẹn, díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́. Omi ló ń mu. Wàrà màlúù tí gbogbo ayé rò pé ó tọ́ sí ológbò máa ń da inú ọ̀pọ̀ wọn rú. Mo ń wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń fi bí 100 gíráàmù kún un. Ọ̀rọ̀ pé ebi ló ń sọ ológbò di ọdẹ, irọ́ ni. Ológbò tó yó ń dọdẹ, torí pé ọdẹ ni wọ́n bí i. Málọmọ́ ò tíì pé oṣù mẹ́rin tó fi gbé eku àkọ́kọ́ wá síwájú kíṣìnnì, ó sì jẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀.

Ìyá ọkọ mi dé ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, wọ́n gbá gèlè mú.

“Ìyá Ìbejì, kí lẹ gbé wọlé yìí? Dúdú?”

“Màámi, ẹ má bínú. Ọmọ ológbò ni, mà.”

“Mo rí i pé ológbò ni. Ta ló ń gùn ún lóru?”

Mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí, torí mo ti rí ibi tí àwọn géńdé ti ń sọ òkò lu ológbò dúdú ládùúgbò wa títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀, tí àgbàlagbà dúró tí wọn ò sì sọ nǹkan kan. Èròjà kan náà tó sọ awọ tiwa di dúdú ló wà nínú irun rẹ̀. Igbe òru tó dà bí igbe ìkókó, tí wọ́n ń tọ́ka sí, abo tó ń wá akọ ló ń ké bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun àṣírí kan níbẹ̀. Mi ò sọ èyí fún Màámi. Mo kàn ń ṣe ìtọ́jú ọmọ ológbò náà lójú wọn, wọ́n sì ń wò mí láìsọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n dé, mo ti ọjà dé, mo bá wọn lórí àpótí kíṣìnnì, abọ́ ẹja wà lórí itan wọn, wọ́n ń fi èékánná yọ egungun ṣàwà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fọ́ ẹran rẹ̀ wẹ́wẹ́. Málọmọ́ jókòó lé etí ìró wọn, ó ń wo ọwọ́ wọn.

Wọ́n ní, “Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ o. Ẹ̀yin ni ẹ kì í yọ egungun dáadáa.”

Ilé ìwòsàn ẹranko tó wà lábẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn ni mo ń gbé e lọ. Wọ́n fún un ní oògùn aràn, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ, tí wọ́n sì ń tún fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra títí wọn yóò fi lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Ti àrùn dìgbòlugi tẹ̀lé e lẹ́yìn tó pé oṣù mẹ́ta. Ohun méjì tí ẹ ò gbọdọ̀ fi dán ara yín wò nílé: ẹ má fún ológbò ní paracetamol láé, ẹyọ kan lè pa á, torí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lè tú u, ẹ má sì fi oògùn eégbọn ajá pa á lára, nítorí permethrin tó máa ń wà nínú púpọ̀ wọn jẹ́ májèlé fún un. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń dá ọmọ bíbí dúró jẹ́ ìwà ìkà. Abo ológbò lè lóyún ní oṣù mẹ́rin sí márùn-ún, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọdé, oyún náà kì í ju nǹkan bí oṣù méjì lọ, ó sì lè bí lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún. Ta ni yóò gba gbogbo ọmọ wọ̀nyẹn, ọwọ́ ta ni yóò tọ́ wọn? Mo gbé e lọ nígbà tó pé oṣù márùn-ún.

Ìrọ̀lẹ́ la gbé e délé. Òórùn oògùn ń rùn lára rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Bí mo ṣe ṣí apẹ̀rẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà ló gbà lọ, ẹ̀yìn àpótí aṣọ òkè, kọ̀rọ̀ ibi tí ògiri méjì ti pàdé. Mo lọ sí kíṣìnnì lọ bu omi. Nígbà tí mo padà dé, Ìdòwú ti wà nínú yàrá náà ṣáájú mi. Ó ti wá àǹkárá àtijọ́ náà jáde láti ibi tí mo kó o sí, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láìbojú wo ibẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn tì í, ó ń ka ìwé kíláàsì rẹ̀ sókè jẹ́jẹ́. Lójijì ni wọ́n mú iná dé, gbogbo àdúgbò hó yèè. Ọmọ ọdún márùn-ún náà dìde, ó rìn, kò sáré, ó lọ rọra pa fèrèsé dé.